Ojú Ewé Tí Mo Fọ̀

Bí o bá fẹ́ yá ìwé lọ́dọ̀ Bàbá Àlàní ní Iremo, ohun kan ṣoṣo ni wọn yóò bi ọ́: pẹ́ńsù rẹ dà? Wọn kì í gba owó, wọn kì í gba ẹ̀bùn. Bí o bá ń ka ìwé náà lọ nílé, tí o sì kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá ọ dúró, o gbọ́dọ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀, kí o kọ ọ́ ní Yorùbá sí etí ewé níbẹ̀, kí o sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ sí i, kí ọ̀rọ̀ náà má baà tún dá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Òfin méjì ló wà. Bírò kò gbọdọ̀ kan ìwé. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ohun tí ẹlòmíràn kọ rẹ́, ìbáà jẹ́ pé onítọ̀hún ṣì í kọ. Bí o bá rò pé ó ṣì í, kọ tìrẹ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin kejì yìí kò ní yá ìwé níbẹ̀ mọ́ láé.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ M sí etí ewé. Mojíre ni orúkọ mi. Òkèrèwè ni ilé wa. Ìyá mi ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn níwájú ilé, èmi ni mo sì máa ń jókòó ti ọjà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló háyà yàrá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn. Mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì náà lẹ́ẹ̀mejì, máàkì mi kò pé. Láti ìgbà náà, ohun tí mo mọ̀, inú páálí ìwé Bàbá Àlàní ni mo ti mọ̀ ọ́n. Oníbàárà lè pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dáhùn, nítorí mo ti wà lẹ́bàá òkun níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tí obìnrin kan ń dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Bàbá Àlàní ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn fún ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ dídi ìwé ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á ká ewé, wọ́n á rán an, wọ́n á lẹ èèpo mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìwé ni wọ́n kó wálé. Wọ́n tò ó sínú yàrá tó kọjú sí títì, wọ́n sì gbé àga onírọ̀gbọ̀kú kan sẹ́bàá fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga yẹn àfi àwọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti jókòó síbẹ̀ àìmọye ìgbà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà á wà lọ́rùn mi, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wà lórí itan mi, àwọn èèyàn á sì máa kan ilẹ̀kùn láti bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ báyìí túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ kan ló sọ èmi àti Bàbá di ọ̀rẹ́. “Draw” ni. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti kọ́ mi pé yíya àwòrán ni. Nígbà tí mo wá rí i nínú ìtàn kan pé jagunjagun “draw” idà rẹ̀ lójú ogun, mo kọ ọ́ sí etí ewé pé ọkùnrin náà jókòó, ó ya àwòrán idà rẹ̀ kí ó tó jà. Bàbá kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú wọn fi bọ́ sílẹ̀.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ṣé àwọn ọ̀tá á dúró dè é kó yà á tán ni? Ó fà á yọ nínú àkọ̀ ni.”

“Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Bàbá?”

“Ọ̀rọ̀ yìí, olóbìnrin púpọ̀ ni. Ilé tó bá wọ̀, orúkọ tí ìyàwó ibẹ̀ bá pè é ló ń jẹ́.”

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jọ sí, èmi sì di ẹni tó ń wá àwọn ìyàwó rẹ̀ kiri. Mo rí èyí tó ń fa omi nínú kànga. Mo rí èyí tó ń sún mọ́ iná nígbà òtútù, èyí tó ń gba owó oṣù, èyí tó ń ṣẹ́ gègé, èyí tó ń fa kọ́tìnì. Mo rí ti tíì tí a fi sílẹ̀ nínú omi gbígbóná kó lè jáde dáadáa. Wọ́n pé mọ́kànlélógún. M ló wà níwájú gbogbo wọn. Bí mo bá ṣí ojú ewé náà, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó dúró nínú oko tí òun nìkan kọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Sàúdátù dé.

Ọmọ Ẹdẹ ni bàbá rẹ̀, káfíńtà ni. Òun fúnra rẹ̀ ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Mayfair. Ọdún méjì ni mo fi ju ọmọ náà lọ. Ó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì mú pẹ́ńsù jáde kí wọ́n tó béèrè. Bàbá fi ìwé ńlá hàn án. Ó ka ojú ewé mi láti òkè dé ilẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e.

“Bàbá, wọn ò kọ ti ọbẹ̀.”

“Ọbẹ̀ wo?”

“Ọbẹ̀ ilá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ra oògùn lọ́dọ̀ wa, ‘draw soup’ ni wọ́n ń pè é. Ọbẹ̀ tó ń fà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgò ojú wọn sì bọ́ sílẹ̀. Mo wo ìgò náà nílẹ̀ bó ṣe dojú dé. Ẹ̀rín yẹn, tèmi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un jáde lẹ́nu wọn. Ilá ni mo sì ń jẹ láti kékeré, mo ti fi ọwọ́ gé e bó ti ń fà látinú àwo dé àgbọ̀n mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí.

“Mojíre,” ni Bàbá wí, “bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Fi S sí i.”

Mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún mú òmíràn wá: bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbá tí wọ́n ta ọ̀mì. Ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ti gbọ́ ọ. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo rò ó pé bí bàbá mi bá wà láyé ni, bóyá òun ìbá máa wò ó, mo sì bínú sí Sàúdátù nítorí ìyẹn pàápàá.

Ìyá mi rí mi nílé lọ́jọ́ yẹn.

“Ta ló kú?” wọ́n bi mí.

“Kò sẹ́ni tó kú, Màámi.”

“Kí ló wá dé tí o ń sọ ọṣẹ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń sọ òkò? Ṣé ọkùnrin kan ló ṣe ọ́ ni?”

“Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé obìnrin mìíràn wọlé tì ọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ pe ọmọ ìyá wọn lórí fóònù láti sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ìwé títẹ̀ di èyí tí wọ́n ń gbé súnmọ́ imú, pẹ́ńsù sì di ohun tí wọn kò rí rárá. Ọmọ wọn, Ayọ̀ọlá, tó wà ní Ìlọrin, ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde òun yóò wá mú wọn lọ, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí dókítà máa tọ́jú ojú náà. Bàbá gbà. Wọ́n ní àwọn kò ní ti yàrá ìwé pa. Àwọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ nínú àwa méjèèjì.

“Ẹni tí etí ewé rẹ̀ bá ran ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ jù ni n ó fún,” wọ́n ní. “Mojíre, ìwọ lo sún mọ́ ilé. Wá kà á fún mi létí. Ti M àti ti S, má fo ọ̀kan.”

Ìwé kan wà tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìtàn obìnrin etí òkun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, Sàúdátù sì kà á lẹ́yìn mi. Ìwé yẹn ni Bàbá mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sórí àpótí níwájú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Tèmi pọ̀, mo ń fi ohùn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ka ti Sàúdátù náà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ewé kan, mo sì rí ohun tí mo ti kọ síbẹ̀. Ìwé náà sọ pé obìnrin náà jáde sí àwọn èèyàn pẹ̀lú “her drawn face”. Mo ti kọ sí etí rẹ̀ pé: “Obìnrin náà ti kun àtíkè, ó ti ya ojú rẹ̀. M.” Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Mo ti rò ó pé ó múra fún ẹni tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀, mo tilẹ̀ ti fún un ní tírò àti yẹtí pupa nínú ọkàn mi.

Ní abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, Sàúdátù kọ pé: “Kì í ṣe àtíkè. Ojú rẹ̀ fà ro ni. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ewé tó ṣáájú. S.”

Mo ṣí ewé tó ṣáájú. Òótọ́ ni. Mo ti kà á, mo ti kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú oorun. Ọmọ kú, mo sì kun àtíkè fún ìyá rẹ̀.

“O dákẹ́,” ni Bàbá wí.

“Mo ń wá ibi tí mo dé ni, Bàbá.”

“Sàúdátù kò kọ nǹkan síbẹ̀?”

“Kò kọ nǹkan.”

“Ó yà mí lẹ́nu,” wọ́n ní. “Máa kà á lọ.”

Mo kà á lọ. Láti ibẹ̀, gbogbo ibi tí S bá ti tún M ṣe, mo fò ó. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n gbé ìwé náà lọ ilé, kí n lè ka ìyókù sílẹ̀ de Sátidé mìíràn. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí Sàúdátù bá wá, ó lè ka tirẹ̀ fún Bàbá fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, nígbà tí oníbàárà kò sí, mo gé ìdí sílípáàsì mi tó ti já, bí a ti máa ń ṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò sí rọ́bà. Mo fi tutọ́ díẹ̀ sí i. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa S rẹ́. Ibi mẹ́sàn-án ni. Ó ń tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ jù, ọmọ náà, kò rọrùn láti pa rẹ́. Ewé náà ń kákò, ó ń di dúdú, mo ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Nígbà tí mo dé “ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú”, mo fọ̀ ọ́ títí mo fi ń rí ọwọ́ mi látòdì kejì ewé. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí kò ríran kò ní mọ̀. Sàúdátù ńkọ́? Sàúdátù kò ní sọ̀rọ̀ lójú àgbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sàúdátù ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Bàbá ló ní kó wá. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n kàn ń fi ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ìka wọn ń rìn létí ewé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí aṣọ. Ìka tó ti ká ewé fún ọgbọ̀n ọdún ni, mi ò sì rò ó. Wọ́n dúró. Wọ́n padà. Wọ́n tún fi àtàǹpàkò pa á.

“Ìwé yìí, ẹnì kan ti fọ ojú rẹ̀,” wọ́n ní.

Wọ́n na ìwé náà síwájú.

“Sàúdátù, gbà á. Kí ni o kọ síbí?”

Sàúdátù gba ìwé. Mo rí i bó ṣe wo ewé náà, bó ṣe ṣí òmíràn àti òmíràn. Kò wò mí. Ó pa ìwé dé.

“Èmi ni mo pa á rẹ́, Bàbá,” ó ní. “Mo ṣì í kọ ni.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ẹ má bínú.”

Bàbá rọra mi orí. “Tìrẹ ni, kò sí òfin tó ní kí o má pa tìrẹ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ibi tó pọ̀ báyìí rẹ́, ohun tó mọ̀ kò dá a lójú.” Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Okùn dúdú ni wọ́n so mọ́ ọn. “Mojíre, na ọwọ́ rẹ.”

Mo na ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà dé ibi tí mo ti lè fi ìka kàn án. Mo wo Sàúdátù. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí eruku wà, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ yìí, òun ló fún mi. Gbogbo ọjọ́ tó bá wà lọ́rùn mi, oore Sàúdátù ni yóò wà lọ́rùn mi. Ó ti gba ẹ̀rín Bàbá, ó ti gba ilá, ó ti gba ojú obìnrin etí òkun. Ìwà rere ló wá kù tó tún fẹ́ gbà, kí èmi máa jẹ́ olè níwájú rẹ̀ títí láé. Owú yẹn gbóná ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ, òun ló sì là mí lẹ́nu.

“Irọ́ ló ń pa, Bàbá,” ni mo wí. “Èmi ni. Mo fò ó nígbà tí mo ń kà á fún yín, mo sì lọ pa á rẹ́ nílé.”

Ọ̀kadà kan kọjá lójú títì. Bàbá dúró kí ariwo rẹ̀ lọ tán.

“Mo mọ̀,” wọ́n ní. “Ta ló ń ta ọṣẹ láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ewé yẹn ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ojú mi ló ń lọ, imú mi ṣì wà.”

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

“Òfin ńkọ́?” wọ́n bi mí.

“N kò gbọdọ̀ yá ìwé mọ́, Bàbá.”

“O kò ní yá ìwé mọ́.” Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn Sàúdátù. “Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí o má wọlé. Wàá wá jókòó síbí, wàá kọ gbogbo ohun tí o pa rẹ́ padà sí ààyè rẹ̀. Bí o kò bá rántí, bi ẹni tó ni ín.”

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, Ayọ̀ọlá fi ọkọ̀ wá mú wọn. Bàbá fọwọ́ kan ara ògiri yàrá náà kí wọ́n tó jáde. Sàúdátù sunkún. Èmi náà sunkún, mo sì ń wò ó bóyá tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ.

Ní báyìí, bí ó bá di aago mẹ́ta ní Sátidé, tí Sàúdátù bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn. Kò jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Ó ní àga Bàbá ni, wọ́n ń padà bọ̀. Bẹ́ǹṣì ni òun àti èmi jọ ń jókòó lé. Àwọn èèyàn ń kan ilẹ̀kùn, òun ni wọ́n ń bi léèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ báyìí túmọ̀ sí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á yíjú sí mi. Ìgbà mìíràn mo máa ń jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tó fi purọ́ fún Bàbá.

“Bí wọ́n bá lé yín, àǹtí mi,” ó ní, “ta ni n ó máa bá jiyàn létí ewé? Àwọn tó kù, wọn ò kọ nǹkan gidi.”

Ó bí mi nínú pé ó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ibi mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ kọ padà. Èyí tó kù ni ti ojú obìnrin náà. Ewé ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀rù ń bà mí kí pẹ́ńsù má lọ yọ sí òdì kejì. Sátidé tó kọjá ni mo ṣe é. Sàúdátù ń pè é fún mi, èmi ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́: kì í ṣe àtíkè, ojú rẹ̀ fà ro ni, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ewé tó ṣáájú. M mi ṣì wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀, nítorí a kì í pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Mo wá fi S sí ìparí rẹ̀. S ti Sàúdátù máa ń dà bí ìwọ̀ ẹja tó ti ṣẹ́. Èyí tí mo kọ yìí yípo dáadáa lókè, ó sì yípo dáadáa nísàlẹ̀.

Ó tẹ orí wò ó.

“S yín rẹwà ju tèmi lọ,” ó ní.

“Mo mọ̀,” ni mo dá a lóhùn.